Ọdẹ Mẹ́rin, Àkọsílẹ̀ 13: Wọ́n ti gba ẹnu ihò kọjá

Aago mẹ́ta òru ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ń kọ èyí, oorun ò sì sí lójú mi rárá. Ọdẹ Mẹ́rin ni géèmù kọ̀ǹpútà tí mo ń ṣe. Ògúndélé wọ ihò kejì, Àbẹ̀ní tẹ̀lé e, Akínlabí tẹ̀lé Àbẹ̀ní, Ìfura ajá ló kẹ́yìn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Mo kó wọn jáde, mo tún kó wọn wọlé, ó tó ìgbà ogún, ẹnì kan ò há. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti àkọsílẹ̀ 11 mọ ohun tí ojú mi ti rí lẹ́nu ihò yẹn.

Kí n tètè ka àwọn tó ti parí. Àpótí ìṣúra ti ń ṣí, ó sì ń padé. Ọfà Akínlabí kì í la ògiri kọjá mọ́. Ìlànà ìwòsàn Àbẹ̀ní náà ti dúró: bí ẹ̀mí ẹnikẹ́ni bá ti wálẹ̀ kọjá ìdajì, á sáré fún un ní àgbo, àfi bí àgbo bá ku ẹyọ kan, Ògúndélé ló ni ìyẹn. Dragon Age: Origins tó jáde ní 2009 ni mo ti kọ́kọ́ rí i pé o lè sọ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ rẹ pé bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni kó o ṣe. Ó wù mí gan-an, ó sì ti wà nínú tèmi náà báyìí.

Ó wá ku ẹnu ihò.

Ògúndélé nìkan ni ẹni tó ń ṣeré ń darí. Kọ̀ǹpútà ló ń darí àwọn mẹ́ta yòókù, iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n máa tẹ̀lé e, kí wọ́n sì jà bí ìjà bá dé. Ní gbangba, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n mítà 1.2 péré ni ẹnu ihò kejì fẹ̀. Bí Ògúndélé bá ti wọlé, Àbẹ̀ní àti Akínlabí á dé ẹnu ibẹ̀ pọ̀, wọ́n á máa gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, èjìká á máa lu èjìká, kò sì ní sí ẹni tó máa wọlé. Ìfura á máa yí wọn ká lẹ́yìn. Nínú ihò lọ́hùn-ún, egbére mẹ́ta á ti yọ sí Ògúndélé, oníṣègùn rẹ̀ á wà níta, Ògúndélé á sì kú síbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa ní kí n má da ara mi láàmú. Ó ní bí Ògúndélé bá ti kan ẹnu ihò, kí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn díẹ̀, kí n wá to àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ihò bí mo ṣe fẹ́. Ohun tí Baldur's Gate ṣe ní 1998 nìyẹn: ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́fà á kóra jọ ná kí wọ́n tó lè ti apá kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀nà tó dára ni, àmọ́ kì í ṣe ohun tí mo ń wá. Géèmù tó mú mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni Dungeon Siege, tí Gas Powered Games ṣe, tí Microsoft sì gbé jáde ní 2002. Orí kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti mọ̀ ọ́n. Wàá rìn láti inú oko bọ́ sínú igbó, wàá ti inú igbó wọ abẹ́ ilẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà ò ní ṣókùnkùn kó ní kó o dúró de òun. Ẹgbẹ́ rẹ lè tó ẹni mẹ́jọ, o sì lè ra ìbaaka kó máa ru ẹrù, ìbaaka náà á gba àyè ẹnì kan nínú mẹ́jọ. Mo rántí bí gbogbo wọn ṣe máa ń rọ́ tẹ̀lé mi wọ abẹ́ ilẹ̀, tìbaaka tẹrù. Inú ayé kan ṣoṣo la wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tí mo fẹ́ kí Ọdẹ Mẹ́rin ní nìyẹn, nítorí náà ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi wọ ihò yẹn.

Navmesh, ìyẹn àwòrán ilẹ̀ tó ń fi ibi tí wọ́n lè rìn hàn kọ̀ǹpútà, ni mo kọ́kọ́ fura sí. Bí Godot, ohun èlò tí mo fi ń ṣe géèmù náà, ṣe gbé e kalẹ̀, 0.5 ni agent_radius, àyè tó ń fi sílẹ̀ lára ògiri, ìyẹn ni pé á gé ìdajì mítà kúrò lára ògiri ọ̀tún, á gé ìdajì mítà kúrò lára tòsì. Ẹnu ihò mítà 1.2 á wá ku 0.2, bẹ́ẹ̀ cell_size, ìwọ̀n àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tó ń pín ilẹ̀ sí, jẹ́ 0.25, ọ̀nà náà lè má tilẹ̀ hàn rárá. Mo sọ radius di 0.3, kò sí ìyàtọ̀, àfìgbà tí mo rántí pé cell_size ló ń pinnu ibi tí radius máa dúró: iye cell tó bá pé ni Godot máa ń lò, 0.3 á sì tún padà di 0.5 lọ́wọ́ rẹ̀. Mo bá sọ cell_size náà di 0.1. Bẹ́ ẹ bá ṣe é, ẹ rí i pé ẹ yí cell_size ti map, ilẹ̀ tí navmesh wà lórí rẹ̀, padà nínú Project Settings, kí àwọn méjèèjì bára mu. Mo tún bake, ìyẹn ni pé mo ní kí Godot tún navmesh náà ṣe, mo tan debug tó ń fi ìlà ọ̀nà hàn, ìlà ọ̀nà Àbẹ̀ní sì gba àárín ẹnu ihò kọjá tààrà. Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ ò kọjá. Ọ̀nà ti là, ẹni tí yóò rìn ín ni ò rìn.

Ìgbà yẹn ni mo tó yíjú sí avoidance. Ohun tó ń ṣe ni pé á wo àwọn tó wà nítòsí, á wo ibi tí wọ́n ń lọ àti bí wọ́n ṣe ń yára tó, á wá yà fún wọn. Ṣùgbọ́n kò mọ ògiri. Navmesh ò kàn án. Nítorí náà Àbẹ̀ní ń yà fún Akínlabí, Akínlabí ń yà fún Àbẹ̀ní, ara ògiri ni àwọn méjèèjì ń yà sí. Ẹ ti rí ẹni méjì tó pàdé níbi tóóró rí, tí èyí ń sọ pé "ẹ máa lọ, mà", tí ìyẹn ń sọ pé "rárá o, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọjá, sà". Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn, ní ìgbà ọgọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Mo fi avoidance_priority sí i: Àbẹ̀ní 0.9, Akínlabí 0.6, Ìfura 0.3, kí ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré máa yà fún ẹni tí tirẹ̀ pọ̀. Àbẹ̀ní wọlé! Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣùgbọ́n bí Ògúndélé bá ti dúró jà lẹ́yìn ẹnu ihò gẹ́lẹ́, Àbẹ̀ní á ti dé ẹ̀yìn rẹ̀, á gbà pé òun ti dé ibi tí wọ́n rán òun, á dúró gbagidi sáàárín ẹnu ọ̀nà, ó di kí Akínlabí máa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ojú kan náà ni mo ń rán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, ẹ̀yìn Ògúndélé.

Ó dára, mo fún olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀: Àbẹ̀ní lẹ́yìn lápá òsì, Akínlabí lẹ́yìn lápá ọ̀tún, ajá láàárín. Ní gbangba, ó rẹwà débi pé mo gba fídíò rẹ̀. Lẹ́nu ihò, àyè Akínlabí bọ́ sínú ògiri. Bí ibi tó o rán ẹnìkan bá bọ́ síta navmesh, Godot á wá ibi tó sún mọ́ ọn jù lórí navmesh, ibẹ̀ sì lè jẹ́ òdìkejì ògiri. Bó ṣe rí nìyẹn. Akínlabí yí padà, ó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn yí gbogbo àpáta náà po kó lè lọ dúró lẹ́yìn ògiri níbi tí mo rán an. Ojú ọ̀nà ló ti pàdé àwọn egbére, òun nìkan, tòun ti ọfà méje. Alẹ́ méjì ni mo fi wá ìdí tó fi ń kú kí n tó tẹ̀lé e lọ wò ó.

Alẹ́ Jímọ̀ nìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé wọ́n mú iná lọ, bátìrì inverter mi ò sì ju wákàtí méjì lọ, mo bá ti Ìbàdàn kọjá sí Abẹ́òkúta nítorí aṣọ Àbẹ̀ní. Mo ti ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó gidi ni mo san, nígbà tó dé, aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni. Funfun rẹ̀ mọ́ báláú, gbogbo ìlà rẹ̀ dọ́gba bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Ó dùn mí, torí ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe é ṣì wà. Ní Ìtòkú, ìyá kan ṣí ìpele aṣọ sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò ná, ọmọ mi." Ojú kan ni wọ́n máa ń fi ẹ̀kọ láfún yà á, torí náà ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ju iwájú lọ, ibi tí ẹ̀kọ sì bò kì í funfun tán, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ìbàdàndùn ni mo mú, èyí tó ní òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí ṣíbí wà láàárín òpó sí òpó. Òpó kẹta lápá òsì wọ́ díẹ̀, ibi tí ìyẹ́ adìyẹ ti yẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yà á. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sún mọ́ Àbẹ̀ní nínú géèmù, ẹ ó rí òpó náà nídìí ìró rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò aṣọ fún texture, àwòrán tí wọ́n fi ń bo ara ohun inú géèmù, kó lọ̀ ọ́ ná, kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ nígbà tí kùrukùru bo oòrùn, kó sì gbé fóònù sí òkè rẹ̀ gan-an. Fífẹ̀ píksẹ́lì 1024 ni mo lò, torí laptop mi ò ní káàdì àwòrán.

Láti Ìtòkú mo yà kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọdẹ. Mo fi fídíò ẹnu ihò hàn wọ́n lórí fóònù.

"Kí ni wọ́n ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà yẹn? Ṣé wọ́n ń jà ni?"

"Wọ́n fẹ́ wọlé ni, Bàbá. Ṣé ẹ̀gbẹ́ ara yín lẹ máa ń rìn bẹ́ ẹ bá pọ̀ nínú igbó?"

"Ẹ̀gbẹ́ kẹ̀? Ọ̀nà wo ló gba ẹni méjì nínú igbó? Ibi tí ẹni iwájú bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò ni kó o gbé tìrẹ sí. O ò mọ ohun tó wà lábẹ́ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà." Wọ́n tún wo fóònù náà. "Ajá yẹn ńkọ́? Kí ló ń ṣe lẹ́yìn?"

Mi ò dúró dáhùn ọ̀rọ̀ ajá. Ibi tí ẹni iwájú bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò! Nínú mọ́tò ni mo ti ń kọ ọ́ sórí fóònù.

Bó ṣe rí nìyí. Bí Ògúndélé bá ti rin mítà 0.4, kóòdù á kọ ojú ibi tó wà sínú array, ìyẹn àkójọ, kan tí mo pè ní ipa_ese. Ogójì ló ń gbà, bí tuntun bá wọlé, èyí tó pẹ́ jù á jáde. Àbẹ̀ní ń lọ sí ojú ẹsẹ̀ kẹta sẹ́yìn, Akínlabí ẹ̀kẹfà, Ìfura ẹ̀kẹsàn-án. Wọn ò nílò wá ọ̀nà, torí ibi tí Ògúndélé ti gbà kọjá, ó dájú pé ó ṣeé gbà. Mo pa avoidance wọn nígbà tí wọ́n bá ń rìn, mo sì yọ ara wọn kúrò nínú collision_mask ara wọn, kí wọ́n má bàa máa lu ara wọn. Bí ẹnìkan bá jìnnà ju mítà mẹ́jọ lọ nìkan ni NavigationAgent, ohun tó ń wá ọ̀nà lórí navmesh, á tún gbà á lọ́wọ́ ipa ẹsẹ̀.

Kí wọ́n lè mọ ìgbà tí ọ̀nà fún, mo fi RayCast méjì, ìlà tó ń mọ̀ bí nǹkan bá wà lọ́nà rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ Ògúndélé. Bí àwọn méjèèjì bá kan nǹkan láàárín mítà 1.5, kí wọ́n tò tẹ̀ léra, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tú ká sí àyè wọn. Ó ṣiṣẹ́ lẹ́nu ihò, àmọ́ láàárín igi, ṣe ni wọ́n ń tò, tí wọ́n ń tú, tí wọ́n tún ń tò. Mo ní kí wọ́n má tú ká àfi tó bá lé ní mítà 2.5, ó sì rọlẹ̀ díẹ̀.

Bí mo ṣe kọ ìpínrọ̀ yẹn tán, mo tún un kà, kí ni mo tilẹ̀ ń fi RayCast ṣe? Bàbá ò sọ pé ìgbà tí ọ̀nà bá fún nìkan ni wọ́n ń tò. Inú igbó ni wọ́n wà, kí wọ́n máa tò nígbà gbogbo, kó jẹ́ pé ìgbà tí ìjà bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n á tú ká. Mo ti yọ àwọn méjèèjì báyìí. Ìlà kóòdù mẹ́tàlélógójì ló bá wọn lọ, wọ́n sì tún gba ẹnu ihò kọjá.

Ohun tó kù tí kò tíì dáa: bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ògúndélé ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ẹnu ihò, Akínlabí á la ara Àbẹ̀ní kọjá láti lọ síbi tí yóò ti ta ọfà. Orí ọrun rẹ̀ máa ń yọ láàárín àyà Àbẹ̀ní. N kò lè fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé ojú ẹsẹ̀ kẹta ló sún mọ́ jù, bóyá kí Àbẹ̀ní kọ́kọ́ tẹ̀ síwájú ìṣísẹ̀ méjì kí àwọn tó kù tó tú ká.

Mo fẹ́ ṣe ìyẹn lọ́la tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ajá ti wọ̀ mí lórí. Òótọ́ ni, iwájú ni ajá ọdẹ máa ń wà. Níwájú, kò sí ipa ẹsẹ̀ tí Ìfura máa tẹ̀lé, á nílò wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Mo lè fi ojú ibi kan sí mítà mẹ́ta níwájú Ògúndélé, kí n bi map_get_path bí ọ̀nà ibẹ̀ ṣe gùn tó, bó bá ti ju mítà mẹ́fà lọ, kó dúró ti ọ̀gá rẹ̀, kó má lọ yí àpáta po bíi ti Akínlabí. Bó bá gbọ́ òórùn egbére nínú ihò, kó dúró, kó gbó lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń ṣeré á ti mọ̀ kó tó wọlé.

Iná ṣì wà. Ẹ jẹ́ kí n gbé Ìfura síwájú kí wọ́n tó tún mú un lọ.