Sálúbàtà Ta Ló Wà Lẹ́nu Ọ̀nà Yẹn?

Ọjọ́rú, Ògbómọ̀ṣọ́.

Iná ti lọ ní Under-G, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí, jẹnẹrétọ̀ sì ti ń dún lójúlé-lójúlé. Ọ̀rọ̀ tó gba ọkàn lónìí ni ti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù amúnifòyà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ fi fóònù yà fún máàkì, èyí tí wọ́n ń pè ní thriller: ìṣẹ́jú 2 péré, tí ara ẹni tó ń wò ó gbọ́dọ̀ ti wà lọ́nà láti mọ ohun tó kàn. Bí a bá bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń ṣe é fún, "gbogbo èèyàn" ni wọ́n á dáhùn. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń wọ́. Ohun tó ń já ìyá tó ń tajà ní Takie láyà kọ́ ló ń já ọmọ ọdún 19 tó ń dá gbé yàrá láyà.

Ẹni tó bá máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ọdún 17 sí 24, la fẹ́ mú. Orí fóònù ló ti ń wo fíìmù, lálẹ́, lórí ibùsùn. Ó ń ṣọ́ dátà ná, nítorí náà fídíò tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ ló máa ń rí. Ilé tí yàrá mẹ́wàá kọjú síra ló ń gbé, kò sì mọ orúkọ ẹni tó wà ní yàrá kẹta sí tirẹ̀. A lè kọ gbogbo èyí sínú fáìlì kí máàkì lè pọ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gan-an la ti ń rí ibi tí kámẹ́rà máa dúró sí.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ọmọbìnrin kan ti ibi ìkàwé òru dé, tọ́ọ̀ṣì fóònù ló fi ń ríran ní kọ̀rídọ̀. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Kámẹ́rà wà nísàlẹ̀: sálúbàtà ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, omi ṣì wà lára sálúbàtà náà. Ọmọbìnrin náà kò rí i. Àwa rí i. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 15 kò tíì pé, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí kò ní pa fóònù dé. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì kán. Ẹ̀jẹ̀ tilẹ̀ lè lé òǹwòran lọ: àjọ NFVCB tó ń yẹ fíìmù wò ní Nàìjíríà ní ìpele ọjọ́ orí bíi 15 àti 18, bí ẹ bá sì pa èèyàn nípakúpa ní ìṣẹ́jú kìíní, 18 lẹ ń wá yẹn. Ọmọ ọdún 17 tí ẹ torí rẹ̀ ṣe é ti bọ́ síta.

Orúkọ àwọn òṣèré ńkọ́? Ẹ má kó wọn jọ síwájú. Ẹ fi wọ́n sí ibi tí àwòrán ti dákẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí àkọlé fíìmù wá gbẹ̀yìn.

Òkùnkùn ló ń kó wọn sí wàhálà jù. Wọ́n á ní fíìmù ẹ̀rù ni, kí ilẹ̀ ṣú biribiri. Fóònù kò mọ òkùnkùn yà: bí ìmọ́lẹ̀ bá ti kéré, á fipá mú àwòrán mọ́lẹ̀, gbogbo ibi dúdú á wá kún bí ẹni da iyanrìn sí i. Bó bá dé WhatsApp, tí ìyẹn tún fún un pọ̀, iyanrìn á di búlọ́ọ̀kù. Ẹ ya kọ̀rídọ̀ yẹn láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 20 lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kí ẹ sì fọwọ́ dín ìmọ́lẹ̀ àwòrán kù. Yóò jọ òru, ojú yóò sì hàn. Nínú yàrá, ẹ kọjú iná oníbátìrì sí ògiri funfun, kó jẹ́ èyí tó ta padà ló máa kan ojú òṣèré. Férémù (àwòrán) 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí shutter, ìyẹn àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Ìdí ni pé iná mànàmáná Nàìjíríà jẹ́ 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí shutter bá wà ní 1/60, ilà dúdú lè máa rìn lára ògiri. Iná jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í dúró sójú kan rárá, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé gílóòbù tó ń gba iná lára rẹ̀. Ẹ tẹ ojú fóònù pẹ́ títí tí fókọ́ọ̀sì àti ìmọ́lẹ̀ á fi tì pa. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìlẹ̀kùn á ṣí, gbogbo àwòrán á sì yí padà lójijì.

Ohùn abẹ́lẹ̀ tó ń kùn wúùù, tí gbogbo wọn ń fà wọ inú fíìmù, sípíkà fóònù kò lè gbé e. Á máa mi yàrá lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ fi gé e, kò ní jáde rárá lọ́wọ́ òǹwòran. Ohun tó ń jáde ni kọ́kọ́rọ́ tó ń dún woroworo, sálúbàtà tó ń lu àtẹ́lẹsẹ̀, ìlẹ̀kùn tó ń han. Ẹ gbé fóònù kejì sún mọ́ wọn, bí ìwọ̀n 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ sì gba ohùn yàrá lásán sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1, òun lẹ máa fi dí àlàfo nígbà tí ẹ bá ń gé e.

Kí ẹ tó yan irú lẹ́tà (font) tó ń dẹ́rù bani fún àkọlé, ẹ tẹ ọ́, ẹ̀ àti ṣ wò. Púpọ̀ nínú wọn kò ní àmì wa. Àpótí òfìfo ni wọ́n máa gbé jáde. Bí ẹ bá sì yọ àmì kúrò, ta ló máa mọ̀ bóyá ọkọ ni, ọkọ́ ni, àbí ọkọ̀?

Fún ìdánwò, ẹ wá èèyàn 10 tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Ẹ fún wọn ní fóònù, ẹ má ṣàlàyé, ẹ máa wo àtàǹpàkò wọn. Bí mẹ́rin bá sún un síwájú níbì kan náà, ẹ gé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi wọ́n pé kí ló kàn. Bí ìdáhùn gbogbo wọn bá bára mu, ẹ ti sọ̀rọ̀ jù; bí kò bá sẹ́ni tó lè méfò, ẹ kò sọ tó.

Ọ̀la ni yíyà. Ká sọ fún onílé àtàwọn ará ilé ṣáájú, ní ọ̀sán. Igbe ọmọbìnrin lóru ní Under-G, àwọn tó máa sáré dé pẹ̀lú igi kò ní béèrè fíìmù kankan.