Ta ló ń gbé ìrẹsì lọ fún wọn? Ohun tí pírọ́jẹ́ẹ̀tì mi fojú mi rí

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ pírọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ mú ọ̀rọ̀ ogun, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Màláyà ni mo mú, ibi tó jẹ́ apá kan Màléṣíà báyìí, bí àwọn kọ́múníìsì ibẹ̀ ṣe gbébọn dìde sí ìjọba òyìnbó ní 1948 tí gbogbo ẹ̀ sì forí ṣánpọ́n. Nígbà tí mo kọ orí àkọ́kọ́, ìbọn ló kún inú ẹ̀ fọ́fọ́, irú ìbọn báyìí, ọ̀gágun báyìí, wọ́n pa mélòó níbí, wọ́n pa mélòó lọ́hùn-ún. Súpáfáísọ̀ mi kà á tán, kò fi báírò pupa fa nǹkan kan yọ, ó kàn kọ ìbéèrè kan sísàlẹ̀: "Àwọn tó wà nínú igbó yìí, ta ló ń bọ́ wọn?" Mi ò mọ̀. Oṣù mẹ́ta tí mo fi ń kàwé bíi wèrè, kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Ẹ wò ó, nígbà tí àwọn ọmọ ogun igbó yẹn pọ̀ jù, wọn ò ju nǹkan bíi 8,000 lọ. Chin Peng lọ̀gá wọn, ọ̀dọ́ tí ò tíì pé ọdún 25 nígbà tí ipò já mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 1947, torí pé Lai Teck tó wà níbẹ̀ ṣáájú ẹ̀ ti kó owó ẹgbẹ́ sá lọ nígbà tí àṣírí tú pé ó ti ń ta wọ́n fún òyìnbó àti fún àwọn ará Japan (ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí nìkan tó pírọ́jẹ́ẹ̀tì kan, ẹni tó bá ń wá tọ́píìkì kó mú un). Chin Peng fúnra ẹ̀, òun àtòyìnbó ni wọ́n jọ bá Japan jà, wọ́n tiẹ̀ fún un ní oyè OBE kí wọ́n tó gbà á padà. Ní June 16, 1948, àwọn kọ́múníìsì pa òyìnbó mẹ́ta tó ń bójú tó oko rọ́bà ní Sungai Siput, ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìjọba kéde pé ìlú ò fararọ.

Ó wá ku ìbéèrè súpáfáísọ̀ mi. Àwọn Ṣáínà bíi 500,000 ló tẹ̀dó sétí igbó láìní ìwé ilẹ̀ kankan, ebi àti ogun Japan ló lé ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀, wọ́n ń gbin nǹkan, wọ́n ń sin ẹlẹ́dẹ̀. Àárín wọn ni ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Min Yuen wà, àwọn ló ń gba ìrẹsì, oògùn, owó àti ìròyìn jọ wọ inú igbó, ẹlòmíì fínnúfíndọ̀ mú un wá, ẹlòmíì torí pé ìbọn wà lọ́rùn ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀ ìjọba ò rí èyí, igbó ni wọ́n ń wọ̀ kiri, abúlé ni wọ́n ń sun, ní December 1948 àwọn ṣọ́jà òyìnbó pa èèyàn 24 tí ò gbé ìbọn ní Batang Kali. Ẹ rò ó, ẹni tí wọ́n bá pa bàbá ẹ̀ báyẹn, ibo ló máa gbà lọ?

Ní 1950 ni Harold Briggs dé, ọ̀gágun tó ti fẹ̀yìntì tí wọ́n tún pè padà, òun ló béèrè ohun tí súpáfáísọ̀ mi bi mí. Wọ́n kó nǹkan bíi ìdajì mílíọ̀nù èèyàn kúrò létí igbó lọ sí abúlé tuntun tí iye wọn lé ní 400, wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí i ká, géètì wà, tí wọ́n bá ń jáde lọ síbi iṣẹ́ rọ́bà láàárọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ máa yẹ ara wọn wò bóyá wọ́n di ìrẹsì mọ́ra. Láwọn ibì kan wọn ò jẹ́ kí wọ́n gbé ìrẹsì tútù sílé rárá, ojúkan ni wọ́n ti ń sè é fún gbogbo abúlé. Tó o bá ra oúnjẹ inú agolo, ẹni tó tà á fún ẹ gbọ́dọ̀ dá agolo yẹn lu lójú ẹ kó tó gbé e fún ẹ.

Mo ka ibi agolo yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò mọ ìdí ẹ̀. Alẹ́ Friday kan ni mo se ìrẹsì, wọ́n múná lọ, mo gbàgbé ẹ̀ sínú ìkòkò, nígbà tí mo ṣí i lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ó ti kan, òórùn ẹ̀ gba gbogbo yàrá. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìdérí lọ́wọ́, mo ní háà, nǹkan tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìrẹsì sísè ò lè rin ìrìn ọjọ́ méjì wọ igbó, agolo tó ti lu náà ò lè rìn ín.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ọ̀gágun òyìnbó tó ń jẹ́ Templer. Òun ló dé ní 1952 lẹ́yìn tí àwọn ará igbó ti pa Gurney tó jẹ́ aṣojú ọba sójú ọ̀nà Fraser's Hill ní October 1951, gbogbo ìwé ló sì ń yìn ín pé ọkàn àwọn èèyàn ló fi ṣẹ́gun. Èmi ò jiyàn pé ó fún wọn ní nǹkan o, ọ̀pọ̀ Ṣáínà rí ìwé ọmọ ìlú gbà láyé ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun yìí náà ló ti ìlú Tanjong Malim pa, kónílé-ó-gbélé wákàtí 22 lójúmọ́, ó sì dín ìrẹsì wọn kù. Ẹ má kọ ọ̀kan sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ìkejì pamọ́.

Ohun tó wá pa wọ́n pátápátá, lójú tèmi, ìbò ni. Ẹ̀yà Malay ló pọ̀ jù nílùú, àwọn tó wà nínú igbó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Ṣáínà tán, ìyẹn ti dín agbára wọn kù látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1955 ẹgbẹ́ Tunku Abdul Rahman, olóṣèlú Malay, wọlé sípò 51 nínú 52, ní December Chin Peng jáde wá bá a sọ̀rọ̀ ní Baling, Tunku ò gbà kí wọ́n dá ẹgbẹ́ kọ́múníìsì mọ̀, Chin Peng padà sígbó. August 31, 1957 òmìnira dé. Òyìnbó tí wọ́n ní àwọn ń lé ti ń di ẹrù ẹ̀. Àwọn Amẹ́ríkà àti ìjọba Gúúsù Vietnam tó wà ní Saigon wá gbé wáyà àti abúlé yìí lọ sí Vietnam ní 1962, kò ṣiṣẹ́, torí wáyà ni wọ́n rí gbé, wọn ò rí ìyókù gbé.

Orí àkọ́kọ́ tí mo tún kọ, agolo ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìbọn ò wọlé títí dé ojú ìwé kọkànlá.