Bírò dúró lọ́wọ́ àbúrò mi

Láàárọ̀ yìí ní Lágere, n'Ílé-Ifẹ̀, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìtàn jáde ní yunifásítì ń kọ CV tó fẹ́ fi wáṣẹ́, ó kọ orúkọ, ó kọ ilé ìwé, ìgbà tó kan ibi iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, bírò dúró, ó kàn ń tẹ ìdí bírò náà kẹ́kẹ́kẹ́, omi ti lé sójú ẹ̀. Ó dùn mí gan-an o! Ọdún mẹ́rin gbáko, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bó ṣe máa sọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn tó ń ka ẹnjiníà ń lọ SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níléeṣẹ́, látọdún 1973 ló ti wà, kí ló dé táwọn tó ka ìtàn ò ní irú ẹ̀? NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ṣáà ti fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù sílẹ̀ fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìmúrasílẹ̀ iṣẹ́ síbẹ̀.

Mo ní ṣebí ìwọ lò ń bá màmá ṣírò owó ṣọ́ọ̀bù? Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ìyẹn náà wà lára ẹ̀ ni?"