Abẹ́ Ọkọ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò Kí Ẹ Tó Gbé Jíìpù Sókè

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ́ọ̀mù, mo rí i pé iṣẹ́ gbígbé jíìpù sókè ti ń wọ̀ yín lójú. (Jíìpù ni mo pè é o, bó tilẹ̀ jẹ́ 4Runner tí Toyota ṣe ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ ká sọ èdè tí a jọ ń sọ.) Owó wà nínú iṣẹ́ náà, ọkọ̀ tí a bá sì gbé sókè a máa dúró gbagidi bí akọ màlúù. Èmi náà ti wà ní ipò yín rí. Ọkọ̀ kan ló là mí lójú, ìtìjú ló sì fi là á.

Bàbá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ń dáko lẹ́yìn Òkèhò, ló gbé Toyota 4Runner ọdún 1999 wá sí ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn. Tòkunbọ̀ ni, oní-pílọ́ọ̀gì mẹ́fà, lítà 3.4. Ó ní irin abẹ́ rẹ̀ ń ha ilẹ̀ lójú ọ̀nà oko, kí n bá òun gbé e sókè ní íǹṣì 3. N kò béèrè irin wo. N kò béèrè ìgbà wo ló ń ha. Mo ní, "Kò sí wàhálà, Bàbá," mo sì ní kí àwọn tó ń fi léètì gbẹ́ irin bá mi gbẹ́ òrùka méjì tó nípọn tó íǹṣì 2 fún orí ṣọ́kì iwájú. Íǹṣì 2 dípò 3: lójú tèmi, mo ń ṣọ́ra ni. A ki rọ́bà sábẹ́ sípíríǹgì ẹ̀yìn, iṣẹ́ parí kí ilẹ̀ tó ṣú, Bàbá sanwó, mo ya fọ́tò.

Lọ́sẹ̀ kẹta, fóònù dún. Táyà iwájú lápá òsì ti ṣẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀. Bàbá ò sáré, kò sì sí tírélà lọ́nà oko. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo kó irinṣẹ́, mo lọ. Bàbá ò bú mi. Ó kàn nawọ́ sí táyà náà, ó ní, "Ọ̀gá mẹ́káníìkì, ṣé bó ṣe yẹ kó ga nìyí?" Ì bá sàn kó bú mi.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ ló já, ìyẹn oríkèé irin tó so ìdí táyà mọ́ apá irin ìsàlẹ̀. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí 4Runner ọdún 1996 sí 2002 ṣì pọ̀ nílẹ̀ yìí, wọn yóò máa wá bá yín. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn, ìwúwo ọkọ̀ a máa tẹ bọ́ọ̀lù náà mọ́ inú ilé rẹ̀ ni, bí ẹni tó jókòó sórí ẹ̀ka igi. Nínú èyí, ńṣe ni ìwúwo ń fà á jáde, bí ẹni tó fọwọ́ rọ̀ mọ́ ẹ̀ka. Bí ọwọ́ bá rẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ló kù. Jọ́ìǹtì ti Bàbá ti jẹ tán kí n tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Òrùka mi wá yí igun tó fi ń ṣiṣẹ́ padà, ó bá a parí ohun tó kù.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àyẹ̀wò rẹ̀ kì í pẹ́ rárá. Ẹ fi jáàkì sábẹ́ lówà áàmù (apá irin ìsàlẹ̀ tó so táyà mọ́ ṣaasí, egungun ọkọ̀), nítòsí jọ́ìǹtì náà, kí táyà kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Kí ẹnì kan ki irin gígùn bọ abẹ́ táyà, kó máa gbé e sókè sódò. Kí ẹlòmíràn tan tọ́ọ̀ṣì sí jọ́ìǹtì. Bó bá mì, ẹ yọ ọ́. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti ya tí iyanrìn ti wọlé, ẹ yọ ọ́ bí kò tilẹ̀ mì. Ojúlówó ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn kọ Toyota sára páálí rẹ̀, bólítì tuntun ni kí ẹ sì fi dè é. Kọ́sítọ́mà máa ní owó ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kó bínú lọ.

Òrùka tèmi náà ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti jẹ́. Ìdí ṣọ́kì ò sí lábẹ́ táyà. Àárín lówà áàmù ló dúró lé. Nítorí náà, ohun tí ẹ bá fi kún orí ṣọ́kì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀ tí iwájú ọkọ̀ yóò fi ga. Òrùka íǹṣì 2 tí mo fi ń ṣọ́ra yẹn ti gbé e sókè tó íǹṣì 4.

Bí ìgbín bá sì fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Ṣáàfù iwájú (ọ̀pá tó ń yí táyà) tó yẹ kó nà gbọọrọ ti tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, rọ́bà rẹ̀ ń ha ara wọn, ó ti ya, gírísì ti fọ́n ká. Lórí ọkọ̀ yìí, bí gíga bá ti ń kọjá íǹṣì 2 àbọ̀, ṣáàfù yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́. Sítíárì náà ti fúyẹ́ jù, kì í fẹ́ padà sáàárín fúnra rẹ̀ mọ́, torí igun tó ń dá a padà a máa dín kù bí ọkọ̀ bá ṣe ń ga. Aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títo igun táyà, ló ń tún un ṣe, tí àwọn bólítì rẹ̀ tó wà ní lówà áàmù bá ṣì lè yí. Nínú ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún, wọ́n sábà máa ń há. Ẹ gbìyànjú wọn kí ẹ tó dá iye owó fún kọ́sítọ́mà. Mo ti fi iná gé irú bólítì bẹ́ẹ̀ rí láti òwúrọ̀ dọ̀sán.

Lẹ́yìn ọkọ̀, ohun méjì wà tí mi ò tiẹ̀ rò sí. Àkọ́kọ́ ni ọ̀pá tó dábùú láti ṣaasí dé áásù, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bí ọkọ̀ bá ga, ọ̀pá yìí á fa áásù sí ẹ̀gbẹ́ kan, táyà ẹ̀yìn á wá yọ lápá kan ju èkejì lọ. Ìkejì ló léwu. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ọ̀pá tín-ín-rín so mọ́ áásù ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ ọkọ̀ wálẹ̀, á jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn mú sí i. Bí ọkọ̀ bá ga, á dín in kù. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè láì tún ibi tí ọ̀pá yẹn dè sí ṣe, ẹ̀rọ náà á máa rò pé inú ọkọ̀ ṣófo, bí àpò ajílẹ̀ tilẹ̀ kún inú rẹ̀ dé òrùlé. Ẹ wo ọ́ọ̀sì bíréèkì náà nígbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀ pátápátá: kò gbọdọ̀ nà tan.

Nígbà tí a fi tírélà gbé ọkọ̀ náà padà wálé, mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Mo yọ òrùka àti rọ́bà kúrò, mo fi tépù wọn án. Ẹ má ṣe wọn ọkọ̀ láti ilẹ̀ o, torí afẹ́fẹ́ táyà àti bí táyà ṣe jẹ sí á tàn yín. Àárín rímù ni kí ẹ ti wọn ọ́n lọ sókè dé etí mọ́ńgáàdì. Iwájú apá awakọ̀ fi íǹṣì kan rẹlẹ̀ ju apá kejì lọ. Ẹ̀yìn ti jókòó bí arúgbó lórí àpótí. Sípíríǹgì tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀! Ọ̀pọ̀ nínú gíga tí Bàbá ń wá, ọkọ̀ náà ti ní in rí; ọjọ́ orí ló gbà á.

Mo wá bi Bàbá ní ìbéèrè tí mi ò bi í tẹ́lẹ̀. Ó ní òun máa ń gbé àpò ajílẹ̀ 6 lọ sí oko. Kílò 50 ni àpò kan, ìyẹn kílò 300 láìka èèyàn kankan. Ìgbà yẹn gan-an ló ń ha, sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn ló sì ń ha, nítorí ẹ̀yìn ọkọ̀ ti wó. Ẹ ò rí i pé òrùka iwájú tí mo fi gbogbo ọjọ́ ṣe ò kan ọ̀rọ̀ náà rárá? Sípíríǹgì ẹ̀yìn tó lè gbé ẹrù ló ń wá. Àmọ́ ẹ béèrè bóyá ojoojúmọ́ ni ẹrù náà ń wà níbẹ̀. Sípíríǹgì tó le jù lábẹ́ ọkọ̀ tó ṣófo, ńṣe ni yóò máa fi ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́yìn gbá òrùlé.

Bó bá jẹ́ dífù áásù ẹ̀yìn, ilé gíà tó wà láàárín rẹ̀, ló ń kan òkúta, sípíríǹgì kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ara ọkọ̀ ni sípíríǹgì ń gbé. Áásù ṣì wà nílẹ̀ níbi tó wà. Táyà nìkan ló ń gbé dífù. Ẹ bọ́ táyà tí wọ́n kọ 265/70R16 sí lára, ẹ wọ 265/75R16: táyà fi nǹkan bíi mílímítà 26 ga sí i, ìdajì rẹ̀ ni dífù rí gbà, ìyẹn 13. Kò tó ìbú ìka ọwọ́ kan. Máítà á sì máa parọ́: bó bá kọ 100, ọkọ̀ ti ń sáré tó 103.

Àwọn ohun tó yẹ kí a náwó lé kí gíga tó kàn kì í ṣe ohun tí ń fani mọ́ra nínú fọ́tò. Ẹ fi òòlù kan ṣaasí láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá nítòsí táyà ẹ̀yìn: àwọn tòkunbọ̀ tó ti àríwá Amẹ́ríkà wá, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ti jẹ irin wọn, ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi bò ó. Bí ìró bá kú, ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tó ni í. Ẹ wo rédíétọ̀. Inú rẹ̀ ni ọ́ìlì gíà ti ń tutù, bí ibẹ̀ bá sì jò, omi á wọ inú gíà, ọ́ìlì á rí bí ògì tí a fi òsùn pò, gíà lọ nìyẹn. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ táímíǹgì bẹ́ẹ̀tì, torí kìlómítà 145,000 ni Toyota dá fún un. Ẹ tiẹ̀ wo iwájú bóyá dífù wà níbẹ̀, nítorí 4Runner kan wà tó jẹ́ táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí, mo sì mọ ẹni tó ra ọ̀kan tó fi ń yangàn fún oṣù mẹ́rin. Dífù kọ̀ọ̀kan ní ihò kékeré tó fi ń mí. Ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín fà á sókè, kí omi odò má baà wọ inú rẹ̀ nígbà òjò. Rọ́bà yẹn kò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ó ti gba dífù méjì là lọ́wọ́ mi.

Ti Bàbá, sípíríǹgì àti ṣọ́kì tuntun la wọ̀ ọ́, iwájú àti ẹ̀yìn, tó fi íǹṣì 2 péré ga ju bó ṣe wà láti ilé iṣẹ́. Owó jọ́ìǹtì, ṣáàfù àti owó iṣẹ́, èmi ni mo san án. Nígbà tí a ń parí, mo ní kí ọmọṣẹ́ mi má tíì fún bólítì àwọn bọ́ṣìn (rọ́bà oríkèé àwọn apá irin) pa nígbà tí táyà ṣì wà lókè. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ná, kí ìwúwo rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà inú wọn á lọ́, á sì ya láìpẹ́. Mo ní kí Bàbá padà wá lẹ́yìn kìlómítà 500 kí a tún wọn fún.

Ó wá lọ́jọ́ Sátidé kan, pẹ̀lú iṣu mẹ́rin nínú bùútù. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, n kò sì tètè dìde. Ó ní, "Dìde, ó tó." Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, jọ́ìǹtì yín ni mo ń wò."