Bí Málọ ṣe dúró lọ́dọ̀ wa

Àbúrò ọkọ mi ló gbé ajá yìí wá sí Kétu, ní ilẹ̀ Benin, lálẹ́ ọjọ́ kan, nínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi okùn dè lẹ́nu. Ọwọ́ ọkùnrin kan tó ń kó ajá lọ tà ní ọ̀nà Ìlárá ni ó ti rà á. Ìlú ọdẹ àti ìlú Ògún ni ìlú wa, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ó fẹ́ fi ajá ṣe. Àánú èyí ṣá ṣe é, ó sì sanwó rẹ̀. Abo ajá pupa ni, tí kò tíì pé ọdún kan, èèyàn lè ka egungun ìhà rẹ̀, eégbọn sì kún inú etí rẹ̀ fọ́fọ́.

Láti kékeré ni mo ti ń sin ajá, bóyá ìmọ̀ yẹn gan-an ló sì ṣì mí lọ́nà. Mo jókòó tì í, mo ń pè é, mo ń nawọ́ sí i, àwọn ọmọ mi náà sì rọ̀gbà yí i ká. Ó sá wọ abẹ́ máṣíìnì ìránṣọ mi, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì tọ̀ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnìkan nínú ilé ṣí géètì láìwẹ̀yìn, zemidjan kan, ọ̀kadà akérò, dún gbàù níta bí ìbọn, kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ajá ti lọ.

Ọjọ́ méjì gbáko la fi wá a. Ẹ̀gbẹ́ Akaba Ìdènà la ti rí i, nínú koríko, lẹ́bàá ẹnubodè tí àwọn baba wa kọ́ kí ogun Dahomey má baà wọlé. Bí mo bá ti sún mọ́ ọn ni yóò tún sún sẹ́yìn. Ìyá mi, tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn ajá, ló bá mi dá sí i. Wọ́n ní kí n lọ jókòó sí ọ̀ọ́kán, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí i pátápátá, wọ́n tú ẹ̀kọ, wọ́n ń jẹ ẹja wọn, wọ́n sì ń ju díẹ̀díẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni pé ó ń já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí ó tó wá jẹ èyí tó wà lẹ́bàá ìdí wọn. Ìgbà náà ni wọ́n rọra fi okùn sí i lọ́rùn, síbẹ̀ wọn kò wo ojú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń pè é ní Málọ, bí a ṣe ń sọ àbíkú lórúkọ, a sì yí ọwọ́ padà. A kì í ṣí ìlẹ̀kùn ilé àti géètì pa pọ̀ mọ́. Okùn gígùn kan wà lọ́rùn rẹ̀, kódà nínú àgbàlá. Igun kan ṣoṣo ni tirẹ̀, lórí ògbólógbòó aṣọ, ọmọdé kankan kò sì gbọdọ̀ tọ̀ ọ́ lọ síbẹ̀. Òun ni yóò tọ èèyàn wá nígbà tó bá wù ú. Oúnjẹ rẹ̀ kì í kúrò lójú kan: ẹ̀kọ àti ẹja bíbọ̀, láìsí ata, láìsí àlùbọ́sà, nítorí pé àlùbọ́sà a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, láìsí eegun adìyẹ sísè, tí í máa fọ́ ṣónṣó nínú ìfun.

Ohun tí ó pẹ́ jù kí n tó mọ̀ ni èdè ara rẹ̀. Mo rò pé oorun ló ń kùn ún nígbàkigbà tó bá ń yán, àṣé ẹ̀rù ni. Bí ó bá ń lá ètè láìjẹun, tí ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí funfun ojú fi yọ, tí ó sì ki ìrù bọ abẹ́ ikùn, ohun tó ń wí ni pé kí a fún òun láyè. Lọ́jọ́ kan ó kùn mọ́ ọmọ mi ọkùnrin, aládùúgbò kan sì ní kí n fi pàṣán kọ́ ọ lọ́gbọ́n. N kò gbà. Ajá tí a bá lù nítorí pé ó kùn yóò kọ́ láti má kùn mọ́, yóò sì máa gé èèyàn jẹ láìkìlọ̀. Ọmọ ni mo bá wí.

Ọ̀rọ̀ ìgéjẹ kì í ṣe eré, nítorí dìgbòlugi. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, ikú ló kù. Lọ́sẹ̀ kejì tí Málọ padà dé, dókítà ẹranko wá fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, a ó sì máa tún un fún un lọ́dọọdún. Mo kọ́ àwọn ọmọ pé bí ajá èyíkéyìí bá gé wọn jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì ké sí mi kí a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Máṣíìnì ló kẹ́yìn. Bí ẹsẹ̀ mi bá ti kan án báyìí, Málọ á fò dìde. Mo wá ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, n ó ju ẹja sí i lókèèrè, n ó sì dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tó oṣù kan kí n tó rán apá ẹ̀wù kan parí lójú rẹ̀.

Oṣù kẹta rèé. Lánàá, ìyá mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, Málọ sì rìn jẹ́jẹ́ wá, ó gbé àgbọ̀n lé etí ìró wọn. Wọ́n ní, “Ta ló pè ọ́ síbí?” Ṣùgbọ́n wọn kò gbé ẹsẹ̀ kúrò.