Lébẹ́ẹ̀lì ara ìgò òórùn dídùn: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ní oṣù kẹfà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìgò òórùn dídùn onígi (reed diffuser), èyí tí a ń gbé kalẹ̀ sínú yàrá, tí mo ń fi ọwọ́ ara mi pò nílé, oníbàárà kan kọ̀wé sí mi pé díẹ̀ nínú òróró náà ta sí òun lọ́wọ́ nígbà tí òun ń yí àwọn igi inú rẹ̀ padà, àti pé láti ìgbà náà ni ọwọ́ ọ̀hún ti ń yún òun tí ó sì ti sú. Kò bú mi, kò sì béèrè owó rẹ̀ padà. Ohun tí ó fẹ́ mọ̀ ni ohun tí ó wà nínú ìgò náà, kí ó lè sọ ọ́ fún dókítà. N kò rí èsì gidi fún un. Orúkọ òórùn náà, kànáfùrù, àti àwòrán òdòdó kan nìkan ni mo tẹ̀ sí ara ìgò. Ọwọ́ ẹni méjì ni mo sì ti ń ra òróró kànáfùrù, n kò kọ ọ́ síbì kankan èwo nínú méjèèjì ni mo fi po tirẹ̀. Ojú tì mí gan-an, mo sì dá títà dúró títí mo fi mọ ohun tí ó yẹ kí ó wà lára ìgò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ti lè mọ bí reed diffuser ṣe ń ṣiṣẹ́: a ó po òróró olóòórùn mọ́ ohun olómi tí a fi ń bù ú là, a ó rọ ọ́ sínú ìgò tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, a ó sì ki igi pankẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan bọ inú rẹ̀, kí òróró lè máa gba inú àwọn ihò wínníwínní inú igi náà gòkè, kí ó sì máa fẹ́ sínú yàrá. Ọparun kò dára tó bẹ́ẹ̀, nítorí oríkèé rẹ̀ ń dí òróró lọ́nà. Òróró olóòórùn sábà máa ń tó ìdá 20 sí 30 nínú 100 àpòpọ̀ náà, èyí sì pọ̀ ju ti inú àbẹ́là lọ dáadáa. Ohun tí n kò rò kàn nígbà náà ni pé àpòpọ̀ olómi yìí máa wà láìní ìdérí fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, níbi tí ọmọdé, ológbò tàbí ìgúnpá àlejò ti lè dà á nù.

Ibi tí mo ti ṣìnà jù lọ wà nínú ìwé tí mo fi ṣe lébẹ́ẹ̀lì, n ó sì fara balẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tí ó ń ta òróró olóòórùn máa ń ní ìwé àlàyé ààbò kan tí wọ́n ń pè ní SDS. Mo gba ìwé náà, mo sì da gbogbo ìkìlọ̀ inú rẹ̀ kọ sí lébẹ́ẹ̀lì tuntun mi, láìmọ̀ pé ti ògidì òróró tí a kò tíì bù là ni. Bí a bá ti pò ó mọ́ nǹkan mìíràn, ewu rẹ̀ yí padà: òmíràn dínkù, òmíràn kúrò pátápátá, ohun tí a sì fi bù ú là náà lè mú ewu tirẹ̀ wá, bí i kí ó máa ta ojú tàbí kí ó tètè gbiná. Nítorí náà, ìwé tí a nílò ni èyí tí wọ́n ṣírò fún ìwọ̀n tí a ń lò gan-an, nínú ohun tí a fi ń bù ú là gan-an. Bí mo bá po òróró ọsàn ní ìdá 25, ìwé ti ìdá 10 kò wúlò fún mi. Òǹtà tí kò bá lè fún mi ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, n kì í ra tirẹ̀ mọ́, bí òórùn rẹ̀ ti wù kí ó dùn tó.

Èyí náà ni kò fi ṣe é ṣe láti fi lébẹ́ẹ̀lì kan náà sí oríṣiríṣi òórùn, tàbí láti wo ti ẹlòmíràn kọ. Limonene pọ̀ nínú epo èèpo ọsàn; ó máa ń gbiná, ó lè mú kí ara ẹlòmíràn sú, ó sì léwu fún àwọn ohun abẹ̀mí inú omi. Eugenol inú kànáfùrù náà wà lára àwọn ohun tí awọ ara àwọn kan kì í gbà. Nígbà tí mo padà yẹ ìwé àwọn òróró mi méjèèjì wò, eugenol wà nínú àwọn méjèèjì. Ìdáhùn tí obìnrin yẹn ń wá ti wà nínú àpótí ìwé mi ní gbogbo ìgbà náà.

Ìlànà GHS ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí ó ń sọ bí a ṣe ń pín ewu kẹ́míkà sí ìsọ̀rí àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sí lébẹ́ẹ̀lì, ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbé òfin wọn kà, àwọn ilẹ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ń pe tiwọn ní CLP. Ohun tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ń béèrè ni orúkọ ọjà, orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ẹni tí ó ń tà á, ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú ìgò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ń sọ bí ewu náà ti tó, àwọn gbólóhùn ìkìlọ̀, àti àwọn àmì onígun mẹ́rin tí ó fi igun kan dúró, tí etí wọn pupa tí inú wọn sì funfun. Lábẹ́ CLP, àmì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kéré sí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú àti lóòró. Ẹ lọ ka òfin ibi tí ẹ ti fẹ́ tà, nítorí èdè tí wọ́n fẹ́ kí ìkìlọ̀ wà kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo.

Lẹ́yìn tí mo kọ ọ́ dáadáa tán, òróró pa á rẹ́. Yíǹkì ìwé lásán tí mo tẹ̀ ẹ́ sí yọ́ nígbà tí òróró ṣàn sílẹ̀ láti ọrùn ìgò, àwọn ìkìlọ̀ náà kò sì ṣe é kà mọ́. Lébẹ́ẹ̀lì onírọ́bà ni mo ń lò báyìí, mo sì máa ń kán òróró lé ọ̀kan lórí mọ́jú kí n tó tẹ ìyókù. Mo tún ra òṣùwọ̀n tí ń wọn gíráàmù, mo ní ìwé kan tí mo ń kọ ọjọ́, òróró àti ìwọ̀n àpòpọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, nọ́ńbà àpòpọ̀ náà sì wà nísàlẹ̀ ìgò.

Ní ti títà, mo yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó jọ ti oògùn kúrò: n kì í sọ pé òórùn kan ń wo orí fífọ́ tàbí pé ó ń mú ènìyàn sùn. N kì í sì sọ pé kò léwu nítorí pé ara ewé ni ó ti wá, kànáfùrù ti kọ́ mi ní ti èyí. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, ẹ wò ó nínú SDS bí ìgbóná ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó kí oru àpòpọ̀ náà tó lè gbiná. Bí kò bá ju 60°C lọ, ẹrù eléwu ni àwọn akẹ́rù máa ń kà á sí.

Kí n tó gbé òórùn tuntun kan jáde báyìí, mo máa ń gbé ìgò rẹ̀ lé ìyá mi lọ́wọ́ láìsọ ohunkóhun, n ó sì ní kí wọ́n ka ara rẹ̀ sókè fún mi. Ibi tí wọ́n bá ti dúró láti béèrè ohun tí mo ní lọ́kàn, ibẹ̀ ni mo máa ń tún kọ.