Ẹ jẹ́ kí house officer kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Ẹ̀yin dókítà ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ chief resident, olórí àwọn dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń ta mí lára bí mo ṣe ń kọ ọ́, ẹ má retí pé màá rọra sọ ọ́. Ẹ kúkú mọ bí wọ́n ṣe ń fini joyè náà. Wọ́n á wo ẹni tó ti pẹ́ jù nínú ẹ̀ka, wọ́n á gbé rósítà lé e lọ́wọ́, wọ́n á ní kó máa wá ẹni tó máa dúró lóru, kó máa bẹ àwọn tó ń bínú, kó sì máa gba ìbínú ọ̀gá sára. Ó parí. Kọ́ọ̀sì ìṣàkóso tí wọ́n ní ká lọ ṣe ká tó jókòó fún ìdánwò àṣekágbá, nítorí ìwé ẹ̀rí ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi níbẹ̀ ní ohun tí mo máa ṣe bí ọ̀gá bá ń wọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ẹ̀ka ìgbẹ̀bí ni mo wà. Lóru ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, èmi àti registrar kan, dókítà tó ń kọ́ iṣẹ́ àkànṣe lọ́wọ́, wà ní tíátà, a ń fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí aboyún kan. Ní yàrá ìgbẹ̀bí, ìyá mìíràn ti bímọ, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. House officer, dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, tó wà níbẹ̀ ti tẹ́ ọ̀rá tó ní ìlà òǹkà sábẹ́ ìyá náà, irú èyí tí wọ́n lò nínú E-MOTIVE, ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lẹ́yìn ìbímọ, tí Nàìjíríà bá wọn kópa nínú ẹ̀, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2023. Ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti kọjá 500 mL. Ó mọ ohun tó rí. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ká ṣe ọ̀kan ká máa wò ó: ká fọwọ́ ra ilé ọmọ, oxytocin tó ń mú ilé ọmọ sún kì, tranexamic acid tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ká fa omi sí i lára, ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ká sì ké sí àgbà, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wa kan ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà pé òun ò fẹ́ kí ọmọdé kankan máa pariwo kiri kí registrar tó wo aláìsàn, àti pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wá yọ wá lẹ́nu ní tíátà. Ọmọ yìí wá dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ẹ̀yìn la kọ sí i. Ó dúró síbẹ̀ títí mátírọ́ọ̀nù fi kígbe wọlé.

Ìyá náà yè. Ká tó rí i gbà là, a yọ ilé ọmọ ẹ̀. Ọmọ àkọ́bí ẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bí yẹn o.

Ìpàdé àárọ̀ ló wá burú jù. Ọ̀gá ní kí ọmọ náà bọ́ síwájú. Kò tíì délé láti àná, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sínú ihò bàtà Crocs tó wọ̀. “Ṣé ẹnu ẹ di ni?” Ó ní, “Sà, ẹ ti sọ fún wa pé ká má...” Ọ̀gá ò jẹ́ kó parí ẹ̀. “Èmi kẹ̀? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwọ tí o ò tíì láṣọ rárá ńkọ́?” Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi o, wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo dìde. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, òun ló kọ́kọ́ rí i. Òfin tiwa ni ò jẹ́ kó lè sọ ọ́.”

“Jókòó.”

“Sà, mi ò tíì parí ọ̀rọ̀ mi.”

“Mo ní kó o jókòó, Chief.” Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń fi oyè ẹni búni.

Mo dúró. Mo wo ojú àwọn èèyàn mi káàkiri. Registrar kan tí mo ti gba kọ́ọ̀lù ẹ̀ ṣe nígbà tí ìyàwó ẹ̀ bímọ ń fi èékánná bó bébà ara ike omi ẹ̀, ó bó o títí ó fi tán. Kò sẹ́ni tó la ẹnu. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló wojú mi bíi kó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀.” Ìgbà yẹn ni mo tó jókòó.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn: mo kọ̀wé, mátírọ́ọ̀nù tì mí lẹ́yìn, olórí ẹ̀ka gbà, òfin yí padà.

Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ní ìpàdé àárọ̀ àti nígbà tí ẹ bá ń yí wọ́ọ̀dù po. Bí ọ̀gá bá ti sọ tiẹ̀ tán, ta ló fẹ́ já a? Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohun tó rí lẹ máa gbọ́, kì í ṣe ohun tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́. A máa ń ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lóde ìnáwó la ti ń sọ ọ́. Ní wọ́ọ̀dù, àgbà nìkan ló gbọ́n.

Ẹ fún wọn ní àṣẹ pẹ̀lú. Lọ́dọ̀ wa báyìí, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ìlà yẹn, house officer tàbí nọ́ọ̀sì lè pe gbogbo wa jáde láìtọrọ àyè. Bí ó bá jẹ́ pé kò tó ohun tí wọ́n rò, “o ṣeun” la máa sọ. Ẹ máa ní ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń tún sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni.

Ẹ jẹ́ kí àwọn registrar náà máa darí ìpàdé, kí wọ́n máa ṣe rósítà, kó tó di pé oyè já lé wọn lórí.

Ẹni tó bá ní mò ń kọ́ ọmọdé ní àfojúdi, mo gbọ́. Gbogbo wa la ń fi Dókítà Stella Ameyo Adadevoh yangàn, tó kọ̀ jálẹ̀ ní oṣù keje 2014 pé Patrick Sawyer, ẹni tó gbé Ebola wọ Nàìjíríà, ò ní jáde nílé ìwòsàn, bó ti wù kí wọ́n dà á láàmú tó. Ẹ̀mí ẹ̀ lọ sí i ní oṣù kẹjọ. Ní 20 oṣù kẹwàá, àjọ WHO kéde pé Ebola ti kúrò ní Nàìjíríà. Ibo la fẹ́ kí ọmọ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ “rárá” fún ẹni ńlá, tó bá jẹ́ pé “jókòó” ló ń gbọ́ láti ọjọ́ tó ti dé? Àwọn kan á tún ní gbogbo wọn kúkú ń lọ sí Ìlú Ọba. Ẹni tó ń lọ á lọ. Ìyá tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ òní ò bá a lọ.

Bí ọ̀gá tiyín bá le, ẹ má dojú kọ ọ́ nípàdé bíi tèmi. Ẹ lọ bá a ní ọ́fíìsì, ẹ kí i dáadáa, ẹ ní ẹ fẹ́ kó bá yín fi òfin kan lélẹ̀. Kó jẹ́ òun ló máa kéde ẹ̀, kó dà bíi pé òun ló ronú ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bi house officer pé kí ló rí, kí ẹ sì panu mọ́, kódà bó bá ń kálòlò.